Òwú Ni Í Yan Aró: Ìmọ̀ Aró Pípa Nínú Ilé, Láti Inú Ìkòkò Èlú Dé Inú Ìgò Àwọ̀ Oúnjẹ

 

Ọ̀rọ̀ aró ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn máa bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ó kan ilé-ẹ̀kọ́ gíga nínú iṣẹ́ tí obìnrin ń ṣe ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí a kó ìkòkò àti eérú sí. Ìdáhùn mi kò gùn. Bí ìmọ̀ bá jẹ́ ohun tí a lè dán wò, tí a lè tún ṣe lọ́la kí ó sì rí bí ó ti rí lónìí, tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lè kọ́ ẹlòmíràn, a jẹ́ pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni ohun tí ó wà nínú ìkòkò aró. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé a kò kọ ọ́ sílẹ̀ tó, a kì í sì í fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́.

Kókó kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé. Òun náà ni pé kì í ṣe ẹni tí ń pa òwú láró ni ó ń yan aró. Òwú fúnra rẹ̀ ni í yàn án. Aró tí ó mú òwú kan dáadáa lè ṣàn dànù lára òmíràn bí ẹni pé a kò fi kàn án rárá. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní fi owó rẹ̀ ra àkísà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọjà yóò tàn án jẹ, bóyá lára aṣọ, bóyá nínú ọbẹ̀ pàápàá. A ó dé orí ọbẹ̀ náà láìpẹ́.

1. Òwú àti aṣọ wa

Kí a tó sọ̀rọ̀ aró, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń pa láró. Nínú aṣọ òkè, mẹ́ta ni àwọn àgbà máa ń dárúkọ ṣáájú: ẹtù, sányán àti àlàárì. Bí a bá wò wọ́n fínnífínní, a ó rí i pé oríṣi òwú méjì ni ó wà nínú wọn.

Òwú oko ni ti ẹtù. Inú ìdì òwú tí a gbìn, tí a gbọ̀n, tí a sì ran ni ó ti wá. A pa á láró èlú títí ó fi dúdú, a wá fi ìlà funfun tín-ín-rín là á láàrin, ó wá dà bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù tí a fi sọ ọ́ lórúkọ. Sányán yàtọ̀ pátápátá. Kì í ṣe orí igi òwú ni a ti ká a, bí kò ṣe inú ilé tí àwọn kòkòrò kan ń hun fún ara wọn nínú igbó. A ń fi omi eérú sè é kí ó lè rọ̀, kí a tó ran án. Ṣẹ́dà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣẹ́dà igbó ni. Ṣẹ́dà ni àlàárì pẹ̀lú. Láyé àtijọ́, pupa rẹ̀ ti wà lára rẹ̀ nígbà tí àwọn oníṣòwò bá gbé e gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí ọjà àríwá, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Òwú oko wá láti ara ewéko. Ṣẹ́dà wá láti ara ohun ẹlẹ́mìí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni irun àgùntàn tí àwọn ará ilẹ̀ olótùútù fi ń hun ẹ̀wù. Àgùntàn tiwa kì í ní irú irun bẹ́ẹ̀. Irun rẹ̀ kúrú, ó sì le, ìdí nìyí tí ìran wa kò fi fi í hunṣọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin òwú ara ewéko àti òwú ara ẹlẹ́mìí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dúró lé lórí.

2. Ìkòkò èlú

Ní Ìwó, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Òṣogbo, Ìbàdàn, Ìsẹ́yìn àti Abẹ́òkúta, òwú híhun àti aró pípa jẹ́ iṣẹ́ tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wa. Àwọn ọkùnrin a máa hun ní òfì tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn obìnrin a máa hun kíjìpá ní òfì fífẹ̀. Ṣùgbọ́n ti aró, ti obìnrin ni láàrin àwa Yorùbá. Ìyá Màpó ni àwọn aláró àti àwọn amọ̀kòkò ayé àtijọ́ kà sí alábòójútó iṣẹ́ wọn.

Ewé èlú ni ìpìlẹ̀. A máa ń ká èyí tí ó rọ̀, a ó gún un nínú odó títí yóò fi dúdú, a ó ṣù ú ní ìṣù-ìṣù, a ó sì sá a sínú oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi gbẹ. Èlú tí ó gbẹ báyìí ṣeé kó pamọ́, ó ṣeé tà, ó sì ṣeé gbé rìn ìrìn-àjò.

Eérú ni èkejì. A ó sun igi tàbí èèpo kòkó di eérú, a ó kó eérú náà sínú ìkòkò tí a lu ní ihò nídìí, a ó sì gbé e lé orí ìkòkò mìíràn. Bí a bá ti ń da omi sí i lókè, bẹ́ẹ̀ ni omi eérú yóò máa kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Ìyá aláró a tọ́ ọ wò lẹ́nu, a sì fi ìka méjì rá a láti mọ̀ bí ó bá ti ń yọ̀ tó. Bí kò bá tíì le tó, a tún un sẹ́ lórí eérú tuntun.

Nígbà tí omi eérú bá tó, a ó kó èlú gbígbẹ sínú rẹ̀, a ó bò ó, a ó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Yóò máa hó díẹ̀díẹ̀, yóò máa rùn, àwọ̀ ojú rẹ̀ yóò sì yí padà. Ìyá aláró ń fi imú, ojú, ahọ́n àti ọwọ́ mọ̀ bí aró náà bá ti tó lò. Lẹ́yìn èyí, a ó ti òwú bọ̀ ọ́, a ó yọ ọ́, a ó nà án sí afẹ́fẹ́, a ó sì tún tì í bọ̀ ọ́. Ìgbà díẹ̀ péré ni a ń ti èyí tí a fẹ́ kí ó jẹ́ ayinrin bọ̀ ọ́. Èyí tí yóò di ẹtù, a ó tì í bọ̀ ọ́ léraléra títí dúdú rẹ̀ yóò fi jinlẹ̀.

Ní 1971, Institute of African Studies ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwé kan jáde tí Jane Barbour àti Doig Simmonds ṣe olóòtú rẹ̀, Adire Cloth in Nigeria. Ó ṣe àkọsílẹ̀ púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ìwé rere ni. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, púpọ̀ nínú àwọn tí ó ni ìmọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ kò sì lè kà á.

3. Ìdí tí aró èlú fi ń mú òwú

Ẹ jẹ́ kí a bèèrè ohun tí ọmọdé máa ń bèèrè: kí ni ìdí rẹ̀ tí òwú fi ń jáde nínú ìkòkò pẹ̀lú àwọ̀ ewé tí ó pọ́n díẹ̀, tí ó sì di búlúù lójú wa bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i?

Àwọ̀ búlúù tí ó wà nínú èlú kì í yọ́ nínú omi. Bí a bá lọ̀ ọ́ kúnná tí a sì dà á sínú omi lásán, yóò rọ̀ sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ni. Ohun tí kò bá yọ́ kò lè wọ inú òwú. Iṣẹ́ ìkòkò aró ni láti sọ ohun tí kò yọ́ di ohun tí ó yọ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé inú ìkòkò náà a máa fa agbára ọ́síjìn kúrò lára àwọ̀ náà. Òun ni ó fa híhó àti òórùn tí a mẹ́nu bà. Omi eérú sì ń fún àwọ̀ tí ó ti yí padà yìí ní àyè láti yọ́. Ní àkókò yìí, kì í ṣe búlúù mọ́; àwọ̀ ìyeyè tí ó fara jọ ti ewé ni ó ní. Bí ó ti rí yìí ni ó ṣe ń wọ inú òwú lọ. Bí a bá yọ òwú jáde, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ yóò tún bá a pàdé, yóò padà di búlúù, kò sì ní lè yọ́ mọ́.

Ẹ rántí ìgèrè tí àwọn apẹja ń dẹ. Ẹja tí ó wọ inú rẹ̀ ní kékeré, tí ó sì sanra síbẹ̀, kò tún lè rí ọ̀nà jáde. Bẹ́ẹ̀ ni aró èlú ṣe rí nínú òwú. Lóòótọ́, èyí tí ó ṣẹ́ kù sí òde ara òwú a máa ràn mọ́ ara ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wọ aṣọ tuntun, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti wọlé ti wọlé náà nìyẹn.

Ní ilẹ̀ Jámánì, Adolf von Baeyer ni ó ṣe àwárí ètò ara àwọ̀ yìí ní 1883. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́místrì ní 1905. Èyí kò sọ pé òun ni ó kọ́ àwọn ìyá wa ní iṣẹ́. Ó fi hàn wá pé ohun tí ó ń wá nínú iyàrá ìwádìí jẹ́ ohun tí àwọn ìyá wa ti ń fi ọwọ́ àti ahọ́n darí láìmọ orúkọ rẹ̀.

4. Àwọ̀ inú ìgò

Ẹ jẹ́ kí a kúrò nídìí ìkòkò èlú, kí a wọ ilé ìdáná. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń fi ọwọ́ hun ẹ̀wù òtútù ni ó ń fi àwọ̀ oúnjẹ pa òwú láró nínú ilé ara wọn: irú àwọ̀ inú ìgò kékeré tí a fi ń ṣe àkàrà òyìnbó lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé ọ̀hún rí i, àwọn tí ó wà nílé pẹ̀lú sì ń bèèrè bí ó bá ṣeé ṣe níbí. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, nítorí àwọ̀ náà wà lọ́jà wa, kò sì wọ́n.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Wọn a rẹ òwú irun àgùntàn sínú omi títí yóò fi rin dé inú. Wọn a da àwọ̀ oúnjẹ sínú omi mìíràn nínú ìkòkò, wọn a sì fi ọtí kíkan sí i. Wọn a ti òwú bọ̀ ọ́, wọn a gbé e ka iná jẹ́jẹ́ kí ó gbóná gan-an láìjẹ́ kí ó hó, fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tí ó bá yá, wọn a rí ohun ìyanu kan: omi inú ìkòkò yóò mọ́ gaara bí omi kànga, gbogbo àwọ̀ yóò sì ti kúrò nínú rẹ̀ lọ sára òwú. Wọn a jẹ́ kí ó tutù, wọn a fi omi ṣàn án, wọn a sì sá a.

Ṣùgbọ́n bí ahunṣọ kan ní Ìwó bá mú ìdì òwú oko, tí ó fi àwọ̀ kan náà, ọtí kíkan kan náà àti iná kan náà sè é, òwú náà yóò jáde pẹ̀lú àwọ̀ tí ó dára lójú. Bí ó bá ti fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, àwọ̀ náà yóò ṣàn lọ, yóò ku ràkọ̀ràkọ̀ díẹ̀. Kì í ṣe pé a ta ayédèrú fún un. Òwú ni kò gbà á.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nínú omi kíkan, ara irun àgùntàn àti ara ṣẹ́dà a máa fa irú àwọ̀ yìí mọ́ra bí òòfà ṣe ń fa irin. Òwú ara ewéko kò ní ohun tí yóò fi fà á. Nítorí náà, sányán lè gba àwọ̀ oúnjẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ tirẹ̀ tí ó ti ní tẹ́lẹ̀ yóò mú un ṣókùnkùn díẹ̀. Ẹtù kò lè gbà á láéláé.

Ẹ tún wo bí ọ̀rọ̀ náà ti dọ́gba. Òwú oko fẹ́ eérú, àwọ̀ oúnjẹ fẹ́ kíkan. Bí a bá ti irun àgùntàn tàbí ṣẹ́dà bọ inú omi eérú tí ó le jù, yóò bà á jẹ́. Bí a bá ti òwú oko bọ inú ohun kíkan tí ó le jù, yóò gé e jẹ. Ìkòkò kọ̀ọ̀kan ni ó ní òwú tirẹ̀. Àwọn ìyá wa tí ń gbé inú òwú oko yan eérú. Àwọn tí ń gbé inú irun àgùntàn yan kíkan. Kò sí ẹni tí ó gọ̀ nínú wọn.

Ewu kan wà lọ́jà tí ó yẹ kí a mẹ́nu bà. Púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní wúùlù, títí kan èyí tí àwọn ọmọbìnrin fi ń di irun, kì í ṣe irun àgùntàn rárá. Ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń ṣe é, àwọ̀ oúnjẹ kì í sì í mú un. Bẹ́ẹ̀ náà ni òwú dídán tí a ń pè ní rayon, tí ọ̀pọ̀ ahunṣọ aṣọ òkè ń lò lóde òní. Ara igi ni ó ti wá, ìwà òwú oko ni ó sì ń hù. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ wọ́n? Ẹ já fọ́nrán kan, kí ẹ fi iná kàn án lórí àwo. Òwú oko yóò rùn bí ìwé tí ń jó, eérú rẹ̀ yóò sì rọ̀. Irun àgùntàn àti ṣẹ́dà yóò rùn bí irun tí ń jó. Èyí tí ó wá láti ara epo rọ̀bì yóò yọ́, yóò sì dì ní kókó líle. Ìdánwò yìí kò gba owó, ó sì sàn ju ọ̀rọ̀ ẹnu oníṣòwò lọ.

5. Àwọ̀ oúnjẹ tiwa

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé láti inú ìgò nìkan ni àwọ̀ oúnjẹ ti ń wá. Àwa pẹ̀lú ní tiwa. A mọ wàrà tí a fi pòròpórò ọkà bàbà sè títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi pọ́n. A mọ ìṣápá pupa tí à ń rẹ mu. A mọ atale pupa, tí ń sọ ọwọ́ alásè di ìyeyè. A mọ osùn búkẹ̀, tí àwọn ilé iṣẹ́ ní òkè òkun fi ń pa bọ́tà àti wàràkàṣì láwọ̀. A sì mọ obì, tí àwọn aláró ti lò láti sọ aṣọ di àwọ̀ ilẹ̀.

Òfin kan náà ni ó de gbogbo wọn. Ìṣápá dára lójú, ṣùgbọ́n aláìdúróṣinṣin ni: bí a bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, yóò pọ́n sí i, bí a bá da omi eérú sí i, yóò kúrò ní pupa, yóò sì máa lọ sí búlúù àti àwọ̀ ewé. Bí a bá fi pa òwú, ọṣẹ ìfọṣọ nìkan tó láti yí i padà. Atale pupa ní ẹ̀bùn tí ó ṣọ̀wọ́n, nítorí òwú oko gbà á láìsí ìrànwọ́, ṣùgbọ́n oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Aṣọ tí a fi pa láró yóò ṣá bí a bá ń sá a lójú oòrùn. Nínú ọ̀pọ̀ irú àwọ̀ ewéko bẹ́ẹ̀, álọ́ọ̀mù tí a fi ń mú omi tòrò ni a lè fi ṣe alárinà: a ó kọ́kọ́ sè é pọ̀ mọ́ òwú, yóò di òwú mú lọ́wọ́ kan, yóò sì di àwọ̀ mú lọ́wọ́ kejì. Síbẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè bá èlú dọ́gba lára òwú oko. Èyí ni ó jẹ́ kí n gbà pé àwọn ìyá wa kò ṣèèṣì yan èlú. Gbogbo àwọ̀ wọ̀nyí wà ní àyíká wọn, wọ́n sì mọ̀ wọ́n.

6. Aró òyìnbó

Ní 1856, ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, William Henry Perkin, ẹni ọdún 18, ń gbìyànjú láti ṣe kuníìnì fún àìsàn ibà. Kò rí kuníìnì. Aró àlùkò ni ó rí, láti ara ohun tí ó jáde nínú ọ̀dà èédú. Láti ọjọ́ náà ni aró ti kúrò ní oko tí ó sì wọ ilé iṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọ̀ oúnjẹ inú ìgò jẹ́ ọmọ ìran aró Perkin yìí. Ní 1897, ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí ta búlúù èlú tí a fi ọwọ́ ènìyàn ṣe. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba ilẹ̀ Ìwó kọjá lọ sí Òṣogbo ní 1907, ọjà òkè òkun sì ń bá a bọ̀.

Pẹ̀lú aró tuntun ni kọ́sítíìkì dé, àti èròjà hydrosulphite lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá lóye ìkòkò èlú, a ó lóye àwọn méjèèjì. Kọ́sítíìkì dúró ní ipò eérú. Hydrosulphite dúró ní ipò àwọn kòkòrò àìfojúrí. Iṣẹ́ kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ohun tí ó ń gba ọjọ́ púpọ̀ ti di iṣẹ́ wákàtí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyára ní owó tirẹ̀. Eérú kì í tètè jó ni lára. Kọ́sítíìkì a máa jó ọwọ́, a máa fọ́ ojú, bí kò bá sì sí ìwọ̀n, a máa ba aṣọ jẹ́.

Ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ yìí di ìjà. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin de kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó nígbà tí ọjà àdìrẹ ti dẹnu kọlẹ̀, tí oníbàárà sì ń ráhùn. Àwọn aláró kò gbà. Ní 1936, wọ́n gba agbẹjọ́rò, wọ́n fi ẹjọ́ wọn sùn, ìjọba sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Ohun tí ó wú mi lórí nínú ìtàn yìí ni pé àwọn obìnrin tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kàwé dúró níwájú ìjọba láti sọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa iṣẹ́ wọn. Ìmọ̀ ni wọ́n fi gbèjà ara wọn.

7. Nígbà tí aró bá ṣìnà

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí ọbẹ̀ tí mo ṣèlérí. Àwọ̀ oúnjẹ lè bọ́ sára òwú láìṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Bí kò bá mú òwú náà, owó àti àkókò ni a pàdánù. Ṣùgbọ́n aró tí a ṣe fún aṣọ tàbí fún iṣẹ́ mìíràn kò gbọdọ̀ dé inú oúnjẹ. Síbẹ̀, àwọn oníwọra kan ti ń da aró Sudan sínú epo pupa kí ó lè pọ́n lójú oníbàárà. Èròjà tí kò yẹ kí ó wọ ẹnu ni, wọ́n sì kà á mọ́ ohun tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣàmójútó oúnjẹ àti oògùn, NAFDAC, ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ léraléra.

Ohun kan náà ni ó fà á tí ènìyàn fi ń ra òwú tí ó ń ṣí àti epo tí ó ń pani: àwọ̀ ni a ń wò, a kì í bèèrè ohun tí ó gbé àwọ̀ náà dúró. Ọmọ tí ó bá ti kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ pé àwọ̀ kan ń yọ́ nínú omi, pé òmíràn ń yọ́ nínú epo, pé òmíràn kò yọ́ níbi kankan, yóò fi ojú tí ó là wo ìgò epo. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń pa òwú láró nínú ilé, kí ó ya ìkòkò àti ọ̀pá ìrokà rẹ̀ sọ́tọ̀. Ìkòkò tí kọ́sítíìkì tàbí aró aṣọ bá ti wọ̀, kí a má ṣe tún fi se oúnjẹ láéláé.

8. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ní èdè Yorùbá fún ọdún mẹ́fà. Wọ́n fi hàn pé èdè wa gba ìmọ̀. Iṣẹ́ tí ó kù fún wa ni láti fi ohun tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa ṣe ẹ̀kọ́ náà.

Àbá mẹ́ta ni mo mú wá. Èkíní, kí olùkọ́ kẹ́místrì ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa fi ìkòkò méjì kọ́ ọmọ: ọ̀kan tí ó ní eérú àti èlú, ọ̀kan tí ó ní ọtí kíkan àti àwọ̀ oúnjẹ. Kí wọ́n ti òwú oko àti irun àgùntàn tàbí sányán bọ inú méjèèjì, kí wọ́n fọ̀ wọ́n, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé òwú ń di búlúù nínú afẹ́fẹ́, kò tún ní há ọ̀rọ̀ ọ́síjìn sórí bí orin tí kò yé e.

Èkejì, kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì jọ jókòó ti àwọn àgbà aláró, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn sílẹ̀: orúkọ aró tí kò tíì tó, orúkọ èyí tí ó ti kú, orúkọ àwọ̀ tí ó wà láàrin ayinrin àti ẹtù, àti bí omi eérú ṣe ń rí lẹ́nu nígbà tí ó bá péye. Bí ìyá kan bá lọ pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ni ó lọ, òṣùwọ̀n ni. Ahọ́n rẹ̀ ni irinṣẹ́ tí ó fi ń wọn ìkòkò, kò sì sí ọjà tí a ti lè ra òmíràn.

Ẹ̀kẹta, kí a ran àwọn tí ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Ní Òṣogbo, tí kò jìnnà sí wa, Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye dá ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1983, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ti kọ́ aró àti àdìrẹ níbẹ̀. Ìwó ní òwú, ó ní ahunṣọ, ó ní Yunifásítì Bowen nínú ìlú. Kò sí ìdí tí ìwé àti ìkòkò kò fi lè bára wọn pàdé níbí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi àwọ̀ oúnjẹ pa òwú láró nínú ilé rẹ̀, kí ó ṣe é, kí ó sì gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ bèèrè irú òwú tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni àwọn ìyá wa ti bèèrè, tí wọ́n sì ti dáhùn, kí ìgò àkọ́kọ́ tó dé etíkun wa. Àwọn àgbà sọ pé òwú tí ìyá bá gbọ̀n ni ọmọ ń ran. Ìyá ti gbọ̀n tirẹ̀. Bí a bá jókòó wò ó títí afẹ́fẹ́ fi gbé e lọ, kò sí ohun tí ọmọ yóò ran.